Ewé ojú títì nígbà òjò, ìdì kẹrin: àbámodá kọ̀, kò kú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú pákó tí mo fi ń fún ewé ojú títì gbẹ ni, fún ìwé tí mò ń kó wọn jọ sí, ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún bébà tó bu, mo ní kí n tètè kọ ọ́ báyìí kí inú tó ń bí mi má tíì rọ̀.

Ìdì kẹrin nìyẹn, àwọn ewé tí mo já lẹ́yìn òjò alẹ́ Sunday yẹn, ọjọ́ 11 sẹ́yìn. Gbégi gbẹ, ó le gan-gan. Ẹ̀tìpọ́nọlá gbẹ, òdòdó rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀. Imí eṣú náà gbẹ, àmọ́ òórùn ẹ̀ ò lọ o. Rinrin tí mo ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ gan-an gbẹ, ó kàn fẹ́lẹ́ bíi náílọ̀n ni, tí mo bá gbé e sókè mò ń rí ìka mi lódìkejì.

Wàyí o, àbámodá. Mo ṣí bébà, ewé yẹn tutù yọ̀yọ̀ bí ọjọ́ tí mo já a, kò tiẹ̀ rọ. Mo wá rí i pé etí ẹ̀ ń ṣe ṣákaṣàka, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa, àṣé ó ti bímọ! Ọmọ méje, wọ́n funfun bí ìdin torí wọn ò rí ìmọ́lẹ̀, gbòǹgbò wọn sì ti wọnú ìwé ìròyìn, ọ̀kan ti gba àárín fọ́tò ẹnì kan kọjá. Láàárín pákó méjì, lábẹ́ búlọ́ọ̀kù méjì, nínú òkùnkùn, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ẹ ó rántí pé ti ìdì kejì ńṣe ló jẹrà, mo wá rò pé bébà tí mi ò pààrọ̀ déédéé ló fà á. Lọ́tẹ̀ yìí mo ń pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, mo ki páálí sáàárín wọn, mo tan fáànù sí i kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ihò páálí kọjá. Àwọn tó kù gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ àbámodá kì í ṣe ọ̀rọ̀ bébà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ni. Ọ̀pọ̀ ewé, ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣí àwọn ihò kéékèèké ara wọn, ibẹ̀ lomi ti ń jáde, àbámodá ní tiẹ̀ ń dì í pa lọ́sàn-án, ó di alẹ́ kó tó ṣí i. Awọ ẹ̀ sì dà bíi pé wọ́n fi àbẹ́là pa á. Torí náà téèyàn bá fún un mọ́lẹ̀ láàyè, kò ní gbẹ, omi tó ti tọ́jú pamọ́ ló máa fi tọ́ ọmọ. Bryophyllum, orúkọ ẹ̀ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì mú látinú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju ewé tó ń hù lọ, tiwa sì ni àbá tí mo dá. Èmi dá àbá pé kó gbẹ, òun náà dá tiẹ̀.

Kí irú ewé yìí tó gbẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú. Mo se omi, mo ri ewé kan bọ̀ ọ́ nígbà tó ń hó, ìpè kan wọlé, kí n tó yọ ọ́ ó ti di jẹ́lì. Ewé kejì, mo kàn rì í wọlé mo fà á jáde, ìyẹn dúró, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá, ó ti di bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Mo gbọ́ pé fínígà náà ń ṣe é, àmọ́ mi ò gbìyànjú ẹ̀.

Bébà ńkọ́? Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ń fa omi, irọ́ ni, bébà ìyàwòrán lásán ni. Ẹ má wàhálà ara yín, ìwé ìròyìn àtijọ́ dáa jù, kó ṣáà má jẹ́ èyí tó ń dán, ìyẹn ò lè fa omi kankan. Luca Ghini tí wọ́n máa ń sọ pé òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífún ewé gbẹ ní Ítálì, tó kú ní 1556, kò ní fáànù, mi ò mọ ohun tí mò ń ráhùn sí.

Mo tún fẹ́ yí ètò ìwé náà padà. Mo ní títì dé títì ni màá fi tò ó, ó ti sú mi. Omi ni màá fi tò ó. Gbégi ló máa ṣíwájú, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ le bíi síméǹtì, níbi táwọn èèyàn ti ń dúró de mọ́tò, ibẹ̀ ló ń bẹ. Rinrin tẹ̀ lé e: mo rí i tó tò wálẹ̀ lára ògiri kan tí òjò kì í dé, lábẹ́ bákónì, mo wá gbójú sókè tẹ̀ lé e, páìpù tó ń jò ló wà lókè, àwọn onílé gan-an lè má tíì mọ̀. Ojúoró ló máa parí ẹ̀, torí gọ́tà tó bá ní in, omi ibẹ̀ ò lọ síbì kankan. Bí mo ṣe máa fún ìyẹn gbẹ, Ọlọ́run ló mọ̀.

Àmọ́ àbámodá tó bímọ yẹn, ó ṣe mí bíi kí n jù ú nù, mo tún gbé e padà. Kí ló dé tí mo fi fẹ́ fi ewé tó mọ́ sínú ìwé, nígbà tí èyí fi ohun tó ń ṣe hàn mí? Mo gé ìwé ìròyìn náà yí gbòǹgbò wọn ká, mo ti gbé gbogbo ẹ̀ sínú fírísà láti àárọ̀, kí omi inú ẹ̀ dì kó sì pa á láìyí àwọ̀ ẹ̀ padà púpọ̀, lọ́la màá dá a padà sínú pákó. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì ẹ̀ nìkan ló kù, mi ò mọ déètì tí màá kọ sí i: ọjọ́ tí mo já a ni, àbí ọjọ́ tó kú?