Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí aago oògùn Parkinson padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Parkinson, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Mi ò ní máa ṣàlàyé fún yín bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ́ nílẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ oògùn ló gbé mi dé ibí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà bí mo bá sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bá mi fara dà á.

Aránṣọ ni Ìyá Tóyìn, ìyàwó mi. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn oníbàárà rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀, torí bó bá ti di sísọ́ọ̀sì mú, gbígbọ̀n náà á rọlẹ̀. Ìgbà tó bá gbé ọwọ́ lé itan, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà náà ni kò ti gbọ́ òórùn irú mọ́ nínú ọbẹ̀, tí ìgbẹ́ sì ń ṣòro fún un láti yà. A ò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Dókítà ọpọlọ ní UCH n'Íbàdàn níbí ló so wọ́n pọ̀ fún wa. Kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi dá àìsàn náà mọ̀. Ó ní kó rìn, kó máa ṣí ọwọ́ kó máa pa á dé, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi, ìyókù ń kéré sí i títí tí èyí tó kẹ́yìn ò fi ṣeé kà mọ́. Levodopa pẹ̀lú carbidopa inú hóró kan ṣoṣo, 25/100 (mílígíráàmù 25 ti carbidopa, 100 ti levodopa), ni wọ́n kọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìjà mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń pèsè dopamine, òun ló ń jẹ́ kí ara dá wa lóhùn nígbà tí a bá fẹ́ dìde tàbí ká yíra padà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú Parkinson. Bí èèyàn bá gbé dopamine fúnra rẹ̀ mì, òfo ni, torí kò lè tinú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Levodopa lè wọ ibẹ̀, ọpọlọ á wá sọ ọ́ di dopamine. Iṣẹ́ carbidopa ni pé kì í jẹ́ kó yí padà lọ́nà, kó má baà máa mú èèyàn bì. Láti àwọn ọdún 1960 tí dókítà George Cotzias ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé oògùn yìí lè mú kí ẹni tí ara rẹ̀ ti le padà máa rìn, kò tíì sí oògùn míì tó borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó bá pẹ́, ara fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé àsìkò ti tó.

Aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago ti Ìyá Tóyìn nìyẹn. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni mo ti fẹ̀yìn tì, ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi. (Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò sí ọmọbìnrin kankan nílé tó lè máa fún un lóògùn ni. Ìyàwó mi ni. Ta ló yẹ kó fún un?)

Ibà ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ń bì, ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní àfi kí wọ́n dá a dúró. Bí a ṣe dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan ní, “Bàbá, ẹ kó gbogbo oògùn ilé wá, àwa la ó máa fún wọn.” Mo kó o fún un. Mo sọ aago, mo tún kọ ọ́ sórí bébà fún un. Ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀, méjì ọ̀sán àti mẹ́wàá alẹ́ ni àwọn máa ń pín oògùn. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́fà ni tirẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, wọn ò ní kú torí wákàtí méjì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Oògùn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ò wọlé. Nígbà tó di mẹ́wàá, wọ́n ní ó ń bì, kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n wá fún un ní abẹ́rẹ́ kí èébì lè dáwọ́ dúró. Mo béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Lọ́gànjọ́, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Wọ́n ní kí n jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù, pé ọkùnrin kì í sùn síbẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì níta ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Orí rẹ̀ gbé sókè, kò kan ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ká apá rẹ̀, kò ká. Òógùn bò ó, itọ́ ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ torí kò lè gbé e mì. Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Mo pè é, “Ìyá Tóyìn, ṣé o ń gbọ́ mi?” Ẹyinjú rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi, omijé sì jáde. Ó ń gbọ́ o! Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní rọpárọsẹ̀ ni. Ẹnì kan ní ibà ti wọ ọpọlọ. Ìyá kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn kejì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ayé ni, kí n tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti gbàdúrà sí i. Arábìnrin rẹ̀ sì ti ń sunkún lórí fóònù bí ẹni pé a ti ń ṣòkú. Èmi ṣáà ń tẹnu mọ́ ọn pé, “Oògùn rẹ̀ dà? Ta ló fún un lóògùn aago mẹ́fà?” Wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Nígbà tí mo gbóhùn sókè, wọ́n pe ẹ̀ṣọ́.

Dókítà ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbà mí. Ó ka bébà mi, ó wo káàdì abẹ́rẹ́, ó dákẹ́, ó sì pe dókítà ọpọlọ wa lórí fóònù. Metoclopramide ni abẹ́rẹ́ náà, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Plasil. Ṣe ló máa ń dí ọ̀nà dopamine. Wọ́n gba oògùn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìwọ̀nba tó kù. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀, wọ́n lọ hóró oògùn mọ́ omi, wọ́n fún un ní aago tiwa. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó padà. Ó ti ń bá mi jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀ báyìí.

Kì í ṣe pé mo kórìíra nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi gan-an nọ́ọ̀sì ni. Díẹ̀ ni wọ́n lórí wọ́ọ̀dù, aláìsàn pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Tóyìn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ni pé ẹni tó ní Parkinson gbọ́dọ̀ rí levodopa rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí aago tí wọ́n kọ fún un, yálà ní ilé ìwòsàn tàbí nílé àwọn arúgbó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣejù ni.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: aago ẹni yín ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kì í ṣe aago wọ́ọ̀dù. Ẹ lẹ bébà mọ́ òkè ibùsùn. Ohun tó wà nínú tiwa ni orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà dókítà ọpọlọ, àti ní lẹ́tà gàdàgbà: KÒ GBỌDỌ̀ GBA METOCLOPRAMIDE, PROCHLORPERAZINE, HALOPERIDOL TÀBÍ CHLORPROMAZINE. Oògùn èébì àti oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni wọ́n, wọ́n sì wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn wa. Bí èébì bá dé, ẹ bi dókítà nípa domperidone, torí ìyẹn kì í sábà wọ ọpọlọ. Dókítà ló máa wo bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù kó tó fún un.

Ẹ̀kọ́ kejì: levodopa kì í ṣe oògùn tí à ń dá dúró lójijì. Ara lè le gan-gan, ibà lè gorí rẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Bí aláìsàn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni oògùn máa gbà wọlé. Ẹ máa ní ẹ̀kọ́ kìíní ni mo tún ń sọ. Òun náà ni.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ń bá levodopa du ẹnu ọ̀nà tóóró kan náà, nínú ìfun àti lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ, ẹran ló sì máa ń kọ́kọ́ wọlé. Nítorí náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jẹun la máa ń fún un, tàbí nígbà tó bá ti tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. A ti gbé àkàrà kúrò láàárọ̀, ẹ̀kọ lásán ló ń mu. Ẹran àti ẹ̀wà di tàlẹ́. Ẹ má yọ ọ́ kúrò pátápátá o, ẹni tó ní Parkinson máa ń tètè rù. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ aago náà la tún padà sí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè wèrèpè. Àǹtí ìyàwó mi gbé e wá láti oko, ó ní àwọn àgbà fi ń tọ́jú ara gbígbọ̀n. Òótọ́ ni pé levodopa wà nínú hóró wèrèpè gan-an, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò ó. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àgbo, àgbo ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìwọ̀n tó wà nínú igbá kan? Ẹni tó ti ń lo 25/100, tó tún wá mu wèrèpè lé e, ti lo ìlọ́po láìmọ̀: ara á máa jó fúnra rẹ̀, èébì á dé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ bó bá dìde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí, a sì gbé e pamọ́.

Ti iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, mo máa yára kọjá. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n ń kì bọ ọpọlọ, bátìrì rẹ̀ á wà lábẹ́ awọ àyà. Dókítà Benabid ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ di ìtọ́jú láti 1987. Kì í wo Parkinson sàn. Ẹni tí levodopa ṣì ń ṣiṣẹ́ fún, àmọ́ tí kì í pẹ́ lára rẹ̀ mọ́, ló wà fún. Owó rẹ̀ sì kọjá tiwa. Benzhexol tí wọ́n máa ń kọ fún ọwọ́ gbígbọ̀n lè da orí àgbàlagbà rú, ẹ ṣọ́ra. Pramipexole àti ropinirole, tí wọ́n jẹ́ oògùn Parkinson míì, lè sọ èèyàn jẹ́jẹ́ di ata-tẹ́tẹ́. Bí owó bá ń pòórá nílé, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó bínú.

Ẹsẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, a fi téèpù funfun fa ìlà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bó bá dé ibẹ̀, á ní “ení, èjì,” á sì gbẹ́sẹ̀ ré ìlà kọjá. Ìrìn ojoojúmọ́ ṣe pàtàkì bí oògùn, ṣùgbọ́n kò lè rìn bí oògùn ò bá tíì wọlé, nítorí náà wákàtí tó tẹ̀ lé oògùn aago mẹ́wàá la máa ń jáde.

Ẹni tó bá ṣì ń pè é ní àfiṣe, ẹ sọ fún un pé ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé àyípadà kan wà nínú jíìnì GBA1, láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, tó ń mú kí Parkinson tètè mú ẹni tó bá ní in. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Nǹkan kan ló kù. Levodopa wọ́n, ó sì máa ń ṣòro láti rí, ẹ má dúró kó tán kí ẹ tó jáde lọ ra òmíràn. Bí fáámásì bá gbé páálí tó ní CR lára fún yín, tó ní ìkan náà ni, kì í ṣe ìkan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni CR ń tú sínú ara, kò ṣeé lọ̀, kò ṣeé rún lẹ́nu, ìwọ̀n rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ pe dókítà yín kí ẹ tó sanwó.