Búrọ́ọ̀ṣì Onírun Ẹlẹ́dẹ̀ Tuntun: Ẹ Má Dá A Lẹ́jọ́ ní Ọjọ́ Kẹta

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fá irùngbọ̀n ara yín nílé, ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí a fi ń po ọṣẹ sójú kí a tó fá irùngbọ̀n, sí ààtàn ni pé àwọn tó rà á kì í ní sùúrù. Wọ́n á ní ó le bí ìgbálẹ̀, ó ń rùn, ó ń mu ọṣẹ, irun rẹ̀ ń já. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn yẹn lọ́jọ́ kẹta. Tó bá fi máa fá irùngbọ̀n ní ìgbà 20, díẹ̀ nínú ẹ̀sùn yẹn ló máa kù.

Ẹ wo orín. Igi lásán ni nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Bí a bá fi í sẹ́nu, tí itọ́ rin ín, tí a rún orí rẹ̀, á là wẹ́wẹ́, ìgbà yẹn ni yóò tó máa fọ eyín láì ha èrìgì. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun ẹlẹ́dẹ̀ rí. Ó nípọn nídìí, ó tín-ín-rín lókè, orí rẹ̀ sì máa ń là sí méjì, sí mẹ́ta. Bí ó bá mumi, á wú. Bí ó bá gbẹ, á súnkì. Wíwú àti sísúnkì yìí, lọ́jọ́ dé ọjọ́, ló ń la orí rẹ̀ sí i. Orí á rọ̀ lójú ara, ìdí á sì ṣì lágbára láti ru irùngbọ̀n sókè. Ìyẹn ni àwọn onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Ítálì rí tí wọn ò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìlú Bologna níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Omega ti ń ṣe tiwọn, ilé iṣẹ́ Semogue sì ń ṣe tiwọn ní Pọtogí. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ irun náà ti ń wá, débi pé orúkọ ìlú Chongqing ṣì wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò irun yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí àkọ́kọ́, ẹ wá èyí tí ìdì irun rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 22 sí 24 nídìí, tí irun náà sì ga tó mìlímítà 50 sí 57. Èyí tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tẹ̀ gan-an lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò, á sì máa ta ọṣẹ sí ẹ̀wù. Àwọn kan ń ta oníke lórúkọ irun ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú mélòó kan: irun gidi á rọ̀, oníke á wà bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ má tíì gbé e kan ojú ẹnikẹ́ni. Òórùn rẹ̀ lè dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, irú èyí tí ẹ lè fi wẹ ọmọ jòjòló, sínú kọ́ọ̀bù. Ẹ kán ṣáńpù tàbí ọṣẹ ìfọbọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì náà pò ó títí yóò fi hó, ẹ ṣàn án. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n gan-an hó o, ẹ fi ìhó náà sílẹ̀ lára irun fún wákàtí kan, ẹ ṣàn án, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà títí di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 4 tàbí 5 bẹ́ẹ̀, òórùn náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bí ilà dúdú bá wà láàárín irun, aró ni wọ́n fi kùn ún kó lè jọ irun ẹranko badger tó wọ́n jù ú lọ. Omi àkọ́kọ́ lè dúdú díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Gbígbẹ yẹn wà lára iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rẹ búrọ́ọ̀ṣì sómi mọ́jú pé kó lè tètè rọ̀, ìdí rẹ̀ ló ń bà jẹ́: gọ́ọ̀mù á tú, èèkù onígi á sì sán. Omi híhó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn máa ń fi síńpépà ha orí irun. Ẹ dákun, ẹ má dán an wò.

Ó wá di fífá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Bó bá ti dàgbà, ìṣẹ́jú 2 ti tó. Omi kò gbọdọ̀ ga dé ibi tí irun ti wọnú èèkù. Ẹ da omi ṣíbí kan sórí ọṣẹ líle kí òun náà máa rọ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé búrọ́ọ̀ṣì jáde, ẹ jẹ́ kí omi ro, ẹ gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀méjì péré, kí ẹ wá fi ìka kan orí irun. Bí ó bá ṣì ń gún yín lọ́wọ́, kò tíì mumi tó, ẹ dá a padà.

Ẹ máa yí i lórí ọṣẹ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Tuntun lè gbà tó 60. Ìhó tó kọ́kọ́ yọ á ní ojú ńláńlá bíi ti omi ìfọṣọ. Kì í ṣe òun là ń wá. Ẹ máa yí i lọ títí ojú ńláńlá yẹn yóò fi pòórá, tí ọṣẹ á lẹ̀ mọ́ irun pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹni tó ń lo ọṣẹ ìpara, èyí tó rọ̀ bíi kírìmù, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó fún búrọ́ọ̀ṣì mìíràn, ṣùgbọ́n irun ẹlẹ́dẹ̀ tuntun máa gba méjì. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sínú abọ́ tàbí sójú, ẹ máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ ń retí ni kí ó ki, kó sì máa dán bí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò ní kókó. Bí ẹ bá fa búrọ́ọ̀ṣì sókè, tí ṣóńṣó kan yọ, tí orí ṣóńṣó náà tẹ̀ díẹ̀, ó ti dé ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọn kì í mọ èyí tó ń ṣe ìhó náà. Bí ó bá ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, omi ló kéré. Bí ó bá ń ṣàn wọ ọrùn, ọṣẹ ló kéré. Ṣùgbọ́n bí ó bá dára lákọ̀ọ́kọ́, tó wá kú kí ìṣẹ́jú 2 tó pé, ó lè jẹ́ pé irun náà ò mumi tó, ó wá ń fa omi inú ìhó mu. Ó sì lè jẹ́ omi yín ni. Omi kànga mìíràn wà tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan tàbí omi òjò dán an wò. Bí ìhó bá dúró, ẹ ti rí ọ̀daràn. Irú omi kànga yẹn náà ló ń fi ẹ̀gbin funfun sí ìdí irun: ọtí kíkan ṣíbí kan nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kọ́ọ̀bù kan, fún ìṣẹ́jú 5, á ṣí i kúrò.

Ọwọ́ fífúyẹ́ ni. Irun kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó sì ń lọ́ ọ, irun àárín ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́, ihò á wá dá sí àárín rẹ̀ bíi ti dónọ́ọ̀tì. Fún àwa tí irun wa ń ká, tí kókó kéékèèké máa ń yọ lọ́rùn lẹ́yìn fífá, ẹ po ọṣẹ nínú abọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ, kùn ún bọ̀ bí ẹni tó ń kun ilé. Orí irun tí kò tíì là máa ń ha irú ara bẹ́ẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, búrọ́ọ̀ṣì kan kò gbọdọ̀ kan ojú ènìyàn méjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tí wọ́n fi irun ẹranko ṣe láì pa kòkòrò ara rẹ̀ kó àrùn anthrax ran àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà. Ní 1920 ni ìjọba Bìrìtìkó fòfin de èyí tó ń ti Jàpáàn wá. Irú ìyẹn ti jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n làpálàpá kò jìnnà. Ẹ ò sì lè se irun ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná láti pa kòkòrò ara rẹ̀. Ohun kan tún wà: ẹ sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é fún oníbàárà kí ẹ tó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wọn. Oníke dáadáa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú.

Bí ẹ bá fá tán, ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, ẹ rọra fún un, ẹ gbọn ọ́n, ẹ nù ún sára táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ kan ti tó kó gbẹ. Nígbà òjò, ó lè gba méjì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò búrọ́ọ̀ṣì méjì tí ẹ óò máa pààrọ̀. Èyí tí ẹ bá kì bọ ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù yóò bu.

Ní ti irun tó ń já, márùn-ún sí mẹ́wàá lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tó ohun tí à ń pariwo sí. Ẹ wo irun tó bọ́ náà: bí ó bá kúrú, ó ṣẹ́ ni, ọwọ́ yín ló wúwo. Bí ó bá gùn tán pátápátá, tó sì ń bọ́ ní ṣùù-ṣùù lẹ́yìn oṣù kan, gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ ni kò dára. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín.