Màmá Lọ Kí Aláìsàn ní Castle Howard

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, òtútù Yorkshire ò sì jẹ́ kí wọ́n yọjú síta. Nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, bàálé mi ní ká gbé wọn lọ sí Castle Howard, ilé àwọn ọlọ́lá àtijọ́ kan lẹ́bàá Malton, tí wọ́n ti fi àlọ́ òyìnbó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti yàrá dé yàrá. Màmá wé gèlè. Mo ní òtútù á mú wọn létí, wọ́n ní ta ló ń dé fìlà wúlù lọ sílé ọlọ́lá.

Bàálé mi, baba àlàyé, ò jẹ́ ká sinmi. Ó ní ọdún 1699 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà, pé Vanbrugh tó ya àwòrán rẹ̀, eré orí ìtàgé ló ń kọ, kò kọ́lé kankan rí. Ilé ọ̀hún sì gbà ju 100 ọdún lọ kó tó parí.

Màmá dúró. "Ọgọ́rùn-ún ọdún? Ṣé àbúrò wọn ni wọ́n ń fowó ilé ránṣẹ́ sí ni?"

Bàálé mi panu mọ́. (Ilé tiwa ní Mọ́níyà ò tíì kan òrùlé.)

Láti ìgbà tí a ti wọlé ni ooru ti bo awò ojú Màmá, wọ́n sì ti jù ú sínú báàgì. Báyìí la ṣe dé yàrá kan tí iná ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó dé fìlà arúgbó, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àgbọ̀n. Mo ń tún ọjá ọmọ so lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ara ńkọ́?"

Wọ́n yíjú sí mi, inú ti ń bí wọn. "Àríyá ń lọ nínú ilé, wọ́n wá dá ìyá arúgbó dùbúlẹ̀ síbí! Ẹ̀yin òyìnbó!"

Mi ò tíì lanu tí wọ́n ti na ọwọ́ kọjá okùn, wọ́n fi páùn-ún márùn-ún sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ra ọsàn. Àdúrà ló kàn. Mo ti ṣe àmín kí n tó mọ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó kóra jọ, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń wo gèlè Màmá tẹnu-tẹnu.

Ire, àkọ́bí mi, fa ìró wọn. "Grandma, ìkookò inú àlọ́ tó múra bí ìyá arúgbó ni o."

"Má bú àgbà! Àìsàn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọ́n mú awò jáde, wọ́n fi etí ìbọ̀rùn nù ún, wọ́n gbé e sójú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wo imú gígùn. Wọ́n wo irun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n wá dé orí eyín.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Igi Kérésì kan wà lẹ́yìn wọn. Gèlè há sórí ẹ̀ka, Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà. Àtẹ́wọ́ sọ! Obìnrin kan rọra bi mí pé aago mélòó ni wọ́n tún máa ṣe é. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá, tí wọ́n fọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Sọ fún un pé kó kọ́kọ́ bá mi mú páùn-ún márùn-ún mi kúrò lára ẹranko yẹn."