Kí lo jẹ lónìí?

Mo jókòó láti ṣírò ọdún 2025, Oṣù Kẹfà nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé oṣù yẹn ni Màmá lọ.

Mo rántí Oṣù Kíní díẹ̀. Ìgbà yẹn ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí owó ìpè àti dátà lọ sókè títí dé ìdá 50 nínú 100. Lọ́jọ́ kejì, Alága, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ wa orí WhatsApp, kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kò sí fídíò mọ́ o. Ẹni tó bá lọ́rọ̀, kó tẹ̀ ẹ́." Ọ̀rọ̀ wa ò tìtorí bẹ́ẹ̀ dín kù. Ọ̀rọ̀ kí ni? Òjò rọ̀ n'Íbàdàn, gààrí wọ́n, àwọn ìbejì tún ti fọ́ àwo ní London. Tó bá di aago méje alẹ́, Alága á ní: "Kí lẹ jẹ lónìí?" A ó sì máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí Màmá lọ, a sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo lè tẹ̀: "Màmá ti lọ." Kò sẹ́ni tó lè bá ìsìnkú. Àmọ́ lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìkirè, èèyàn mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fojú kan mẹ́rin nínú wọn rí. Ohùn ni mo fi dá Alága mọ̀. Owó Ìyá Ìbejì ti ṣáájú wọn dé láti London, òun la fi ra ìrẹsì.

Ẹ rántí pé dòdò ni Màmá ń dín tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà, tí ẹlòmíì á ti dà nù, ata, iyọ̀, epo pupa. Bí wọ́n ṣe máa ń fi ọwọ́ wọn... Ẹ jẹ́ n sọ ti Balógun, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà. Ó ti ra dòdò lójú pópó kí wọ́n tó dé ilé. Ata mú un, omi ń dà lójú rẹ̀, làwọn ìyá àdúgbò bá rò pé torí Màmá ló ṣe ń sunkún. Wọ́n yí i ká: "Ó tó, ọmọ mi, ó tó." Kò lè sọ òótọ́ fún wọn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ.

Nígbà tí àwọn àlejò náà padà sílé, Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí èmi nìkan, ní aago méje náà: "Kí lo jẹ lónìí?" Kò ní kí n mọ́kàn le. Tí mo bá ní kò sí, á ní: "Lọ wá nǹkan, mò ń dúró." Ọ̀pọ̀ alẹ́ ló jẹ́ pé torí kí n lè rí nǹkan dá a lóhùn ni mo ṣe mu gààrí. Alága, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi.

Ìyá Ìbejì ní òun ń bọ̀ wálé lọ́dún tuntun. Ọdún kẹta rèé tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó bi mí bóyá màá dín dòdò fún òun. Mi ò tíì dín ọ̀kan látìgbà tí Màmá ti lọ. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lánàá. Ó ti ń pọ́n.