Mo Lọ Wo Iṣẹ́ Ọnà ní Agbolé Kan ní Òkèlélé, n'Ílọrin

Ìyá àgbà yẹn kò tíì jókòó tó fi nawọ́ sí orù tí wọ́n fi okùn so rọ̀ mọ́ igi àjà. Ó fi ìka kàn án, kó, kó, ó sì dẹtí sí i. "Èyí ò jinná dáadáa," ló wí. Ọmọkùnrin tó mọ ọ́n ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Òjò ló ká mi mọ́ ìdí iná." Kò sẹ́ni tó sọ fún Ìyá pé kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Àárọ̀ Sátidé ni mo wọkọ̀ n'Íbàdàn, a gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Oòrùn ti mú kí n tó sọ̀ ní Gérí Àlímí. Mo ra wàrà díndín, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọ̀rẹ́ mi ti júwe fún mi pé bí mo bá ti dé Ẹ̀bú Dàda, kí n béèrè agbolé tí wọ́n kó àwòrán sí.

Ẹ̀bú Dàda ni àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìrandíran. Mo dúró wò wọ́n díẹ̀. Ìyá kan ń tẹ́ amọ̀ gígún lé ìdí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó ń fọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́ títí tó fi yí i ká, tó sì gba àwòṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú mi lọ.

Agbolé náà kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ló jọ ṣe ìpàtẹ ọ̀hún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá méjì tí bàbá àgbà ọ̀kan nínú wọn fi sílẹ̀. Wọ́n kun ògiri, wọ́n yá gílóòbù lọ́wọ́ onírẹ́ńtà, wọ́n yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sanwó ìwọlé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wú mi lórí. Àwọn ẹlẹ́ṣin méjì kan jọ èyí tí à ń rí lára kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan fi èédú ya ère òkúta ìlú Ẹ̀sìẹ́ sára àpò ìrẹsì, ó sì dá mi dúró pẹ́. Ère Ẹ̀sìẹ́ lé ní 1,000, ilé tí wọ́n sì ṣí fún wọn lọ́dún 1945 ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ti fọ́ nìkan ló yà. Ọmọdé kan bi í pé, "Àǹtí, ta ló kán an lọ́rùn?"

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé àwòrán mẹ́ta lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan. Ìyá mi wá wò wọ́n, ẹ̀ṣọ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà torí bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo mú un wọlé, kò sọ gbólóhùn kan nípa àwòrán mi títí a fi délé. Ó ṣì ń dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi ka irú agbolé yìí sí. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa: lọ́dún 1962, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ l'Óṣogbo di ilé ọnà. Mbárí ni orúkọ tó bá a wá láti ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ará ìlú ló sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, màá yọ̀.

Ẹfun ni wọ́n fi kọ àkọlé sára ògiri lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì méjì: Yorùbá tí a fi a-b-d kọ, àti Yorùbá kan náà tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, bí àwọn àáfà Ìlọrin ṣe ń kọ ọ́ láti ayébáyé. Ìyá àgbà yẹn tẹ̀ sún mọ́ ìlà kejì, èyí tí èmi ò lè kà. Ó fi ìka tẹ̀ lé e láti apá ọ̀tún, ó ń kà á jẹ́jẹ́: "Orù… ìyá mi… kí ẹ̀rọ omi… tó dé."

Ó gbójú sókè wo orù náà. "Kí ló dé tó o fi dorí rẹ̀ kodò?"

"Ẹni tó ń pọnmi sí i ti kú, Ìyá."

Ìyá dákẹ́. Ó tún gbá orù náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó dá a dúró kó má yí mọ́. "Wá sí ẹ̀bú láàárọ̀ Ajé," ló wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Kí n fi bí wọ́n ṣe ń to igi hàn ọ́."