Pi Ìsánlú: kọ́kọ́rọ́ tó bá iná lọ

Handshake (ìkíni tí ẹ̀rọ méjì fi ń mọ ara wọn kí wọ́n tó bára sọ̀rọ̀) ti wọlé! Bí mo ṣe ń kọ èyí, Pi (Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré) tó ń wo omi táǹkì nílé màmá mi ní Ìsánlú ń dá mi lóhùn ní Kàbbà, omi inú táǹkì sì ń hàn ketekete. Àpótí àti wáyà rẹ̀ ti parí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

PSK (kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ ní) ló dá wa dúró. PresharedKey yìí tí mo fi kún WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) láàárín Pi àti sáfà (kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí mo háyà ṣiṣẹ́ dáadáa títí iná fi lọ lójijì. Iná dé, Pi tan, wọn ò gbọ́ra wọn mọ́. Bí PSK ò bá sì bára mu, WireGuard kì í pariwo. "Latest handshake" á kàn dúró sójú kan, á máa gbó lọ.

Mo ti fẹ́ wọ mọ́tò gba Mọ̀pà lọ nígbà tí mo ṣí tcpdump (tó ń fi dátà tó ń wọlé tó ń jáde hàn) lórí sáfà. Báìtì 148 (ìbẹ̀rẹ̀ handshake) wọlé láti ọ̀dọ̀ Pi, 92 (ìdáhùn) jáde padà. Lẹ́yìn nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdù 5, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ public key (kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ń mọ èkejì) ló yàtọ̀, sáfà ò ní dáhùn rárá. Ó ń dáhùn, Pi ni kò lè ṣí ìdáhùn náà, torí inú ìdáhùn yẹn gan-an ni PSK ti ń wọ ọ̀rọ̀.

Àṣẹ wg set ni mo fi gbé PSK náà sórí Pi, inú mẹ́mọ́rì nìkan ló sì ń gbé e sí. Ètò SaveConfig á kọ ọ́ sínú wg0.conf (fáìlì ètò WireGuard) lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí àṣẹ wg-quick bá pa WireGuard wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Iná tiwa kì í dágbére. Níbi tí PSK ò bá sì sí, òdo lásán ni WireGuard ń lò dípò rẹ̀.

Òdo! Mo yọ PSK kúrò lórí sáfà kí òdo lè bá òdo. Wéré, wọ́n ríra. Mo fagi lé ìrìn Ìsánlú, mo gba ssh (ọ̀nà wíwọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) wọ Pi, mo yọ SaveConfig, mo fi àṣẹ genpsk ṣe PSK tuntun sínú fáìlì gan-an, mo sì yára fi sí sáfà kí handshake tó tún kàn. Àṣẹ wg show, tó ń fi ipò WireGuard hàn, ti kọ ọ́: "preshared key: (hidden)".

(Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí la fẹ́ fi PSK ṣe: ẹni tó ń kó dátà pamọ́ lónìí de kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù ni. Nítorí omi táǹkì? Ẹ jẹ́ n ṣeré mi jàre.)

Bátìrì tí mo ní màá rà fún Pi nítorí iná tó ń lọ ti dúró ná. Oníṣòwò sólà tí mo bá sọ̀rọ̀ fẹ́ ta èyí tó lè gbé fìríìjì fún mi, fún Pi!

Fóònù àbúrò mi ló kàn láti so mọ́ WireGuard. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ á yàtọ̀, mi ò sì ní fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tó bá wá sí Kàbbà, qrencode á sọ ọ́ di àwòrán QR lójú kọ̀ǹpútà, kó fi kámẹ́rà kà á.