Ẹ kọ òṣùwọ̀n sílẹ̀ kí owó ìlera tó dé

Ìgbìmọ̀ tí kò bá kọ òṣùwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ohun tí yóò fi mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, sílẹ̀ kí owó tó wọlé, ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù ni yóò pín owó náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, torí Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Lára rẹ̀ ló ń dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí ọ̀gá ilé ìwòsàn àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ti jọ ń pinnu ohun tí wọn yóò rà.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tò wọ́n ní 2014. Àkọ́kọ́ ni àǹfààní tí owó náà lè mú wá: ẹ̀mí mélòó, ìlera ọdún mélòó. Ìkejì ni ìyà: ẹni tí àìsàn tàbí ìṣẹ́ ti fi sẹ́yìn jù ni kó wúwo jù. Ìkẹta ni gbèsè: ìtọ́jú wo ló lè mú kí ẹbí ta ilẹ̀ bí wọ́n bá dá san án? Bí tiyín bá ti ju márùn-ún lọ, ẹ tún un wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, “bí àìsàn ṣe le tó”, “bó ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó” àti “bí aláìsàn ṣe nílò rẹ̀ tó” ti di ohun kan náà tí ẹ kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má sì fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣe é. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fi àǹfààní lórí owó nìkan to ìtọ́jú ní 1990, ni fífi adé bo eyín bá ṣáájú iṣẹ́ abẹ appendicitis (ẹ̀ka ìfun kékeré tó wú, tó lè pa ènìyàn), torí pé owó iṣẹ́ abẹ kan tó eyín rẹpẹtẹ. Wọ́n ní láti tún ìwé náà ṣe. “Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó gbà” náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ ará Tákìé láàárín ìlú ti gba nọ́ńbà kí aláìsàn abúlé Oríire tó rí ọ̀kadà. Bí àwọn méjì bá dọ́gba pátápátá, kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Ìyẹn sàn jù.

Ká wá fi nọ́ńbà sí i. Ká ní àǹfààní gba 40, ìyà 35, gbèsè 25, tí a sì ń fún ohun kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 3. Abẹ́rẹ́ oxytocin, tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ, gba 3, 3, 2: àpapọ̀ rẹ̀ (3 × 40, 3 × 35 àti 2 × 25) jẹ́ 275. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gba 2, 1, 3: 190. Kíkun ilé ìwòsàn ní ọ̀dà gba òdo. (Ọ̀dà náà sì ni àlejò ńlá máa ń tètè rí.) Ṣùgbọ́n inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni oxytocin ń gbé. Níbi tí kò sí fíríìjì sólà, agbára rẹ̀ á dín kù, 3 tó gbà fún àǹfààní kò sì tọ́ sí i mọ́. Ohun tó máa dé ara aláìsàn gan-an ni kí ẹ fún ní máàkì.

Kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí alága bá kọ́kọ́ lanu, ta ni yóò já àgbà nírọ́? Ẹni tó bá sì fún gbogbo nǹkan ní 2, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà.

Ẹ̀sìn, ẹgbẹ́ òṣèlú àti “ọmọ wa ni” kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún alárùn kíndìnrín kò kárí, ìgbìmọ̀ kan ń wo iṣẹ́ ọwọ́ aláìsàn àti bó ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àríwísí rẹ̀ kò tán títí dòní.

Ẹ lẹ ìpinnu àti ìdí rẹ̀ mọ́ ara ògiri ní èdè Yorùbá. Ẹ fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó, kí ẹlòmíràn tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ sì gbọ́ ẹjọ́ náà. Òbí ọmọ tó ní foníkú-fọladìde lè wá sọ pé nítorí àwọn ò pọ̀ lẹ ṣe fún àwọn ní máàkì kékeré, láìwo ìyà ọmọ náà. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ní gbígbọ́, kí èsì rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù.